Hard disk méjì nínú server kan kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́

Ẹ bá àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú ní Ìkòròdú sọ̀rọ̀, láti Sábó dé Ìgbógbó. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ẹni tí yóò fi server kékeré kan (kọ̀ǹpútà tó ń kó fídíò rẹ̀ pamọ́ sí) hàn yín ní yàrá rẹ̀, tí á ní, "Ọkàn mi balẹ̀. Hard disk méjì ló wà nínú ẹ̀, ohun tó wà lórí ọ̀kan ló wà lórí èkejì." Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Àmọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ló léwu.

RAID ni wọ́n ń pe ètò náà. Patterson, Gibson àti Katz ní Yunifásítì California ní Berkeley ló gbé orúkọ yẹn jáde nínú ìwé ìwádìí wọn ní 1988. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀pọ̀ disk kékeré olówó pọ́ọ́kú ṣe iṣẹ́ disk ńlá kan, kí iṣẹ́ má sì dúró bí ọ̀kan bá kú. Èyí ló ń ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ṣe sí ọ̀kan, lójú ẹsẹ̀ ló ń ṣe é sí èkejì. Bí àyè bá tán lórí server, tí ẹ fẹ́ pa fódà àtijọ́ kan rẹ́, tí ọwọ́ yín wá bọ́ sórí fódà ìnáwó ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti lọ lórí méjèèjì kí ẹ tó mí. Server ò mọ̀ pé ẹ ṣèèṣì ni. Àṣẹ lẹ pa. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa títí dìgbà tí a bá sanwó, méjèèjì náà ni yóò tì. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fídíò òkú ìyá oníìyá kò ṣeé tún yà.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ iná wa. Iná tó bá dé pẹ̀lú agbára àpọ̀jù, power supply kan ṣoṣo tó ń gbé iná wọ inú server ló máa gbà kọjá lọ bá disk méjèèjì. Olè náà ńkọ́? Odindi àpótí ló máa gbé.

Àwọn kan á ní ká gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún fọ́tò díẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fídíò terabyte 8, lórí ìsokọ́ra tó ń gbé megabit 10 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsinmi rárá, ọjọ́ 74 ni yóò gbà. Iná wo ló fẹ́ dúró tóyẹn? Disk tí a fi okùn USB 3 so mọ́ server, tó ń gba megabyte 100 ní ìṣẹ́jú àáyá (megabit 8 ló wà nínú megabyte kan), yóò kó o tán ní nǹkan bíi wákàtí 22.

Nítorí náà, disk alágbèéká méjì ló bá wa mu jù lójú tèmi. Ẹ máa so ọ̀kan mọ́ server lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ tó bá ti parí, torí èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára rẹ̀, iná àti fáírọ́ọ̀sì yóò bá a níbẹ̀. Kí èkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Ìjẹ̀dẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ọ̀fẹ́ ni rsync, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bá wa ṣe ẹ̀dà fáìlì. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, fáìlì tuntun àti èyí tó yí padà nìkan ló ń kó. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àṣẹ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní --delete: ohun tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí server, yóò bá yín pa á rẹ́ lórí ẹ̀dà náà.

Ẹ sì máa dán an wò. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kìíní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣèèṣì pa nǹkan bíi gigabyte 300 dátà rẹ́. Ìgbà tí wọ́n yíjú sí ẹ̀dà tí wọ́n gbójú lé ni wọ́n tó mọ̀ pé ètò tó yẹ kó máa ṣe é ti ń kùnà. Ẹ̀dà tí òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní bíi wákàtí 6 ṣáájú ló kó wọn yọ. Lóṣooṣù, ẹ mú fídíò kan lórí disk tó wà ní Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà míràn, kí ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.