Gbẹ́nàgbẹ́nà ìpàtẹ ọjà ní Jámánì

Gbẹ́nàgbẹ́nà ìpàtẹ ọjà ni oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń kan káńtà, kọ́bọ́ọ̀dù, ògiri àti pèpele tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe ìsọ̀ wọn nínú gbọ̀ngàn ìpàtẹ. Ní Jámánì, kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀ka kan ni lára iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tí àwọn ará àríwá ń pè ní Tischler, tí àwọn ará gúúsù ń pè ní Schreiner. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé gbogbo ohun tí ó bá kàn gbọ́dọ̀ ṣeé tú, kó ṣeé kó sínú tírélà, kó sì ṣeé tò padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, láìjẹ́ pé àlejò rí ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Ìtàn

Ní 1497, Maximilian Kìíní, ọba Jámánì, fún ìlú Leipzig ní àṣẹ ìpàtẹ ọjà. Ọjà gan-an ni àwọn oníṣòwò ń kó wá tà nígbà náà. Ní 1895, Leipzig sọ ọ́ di ìpàtẹ àpẹẹrẹ: oníṣòwò á gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá, oníbàárà á wò ó, á sì béèrè iye tó fẹ́. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tó gbé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ga níbi ìpàtẹ, nítorí bí ọjà tó wà nílẹ̀ bá kéré, ibi tí wọ́n gbé e lé ló ń fa ojú. Ìlú Hannover bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1947.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ọdún 3 ni ọmọ iṣẹ́ ń lò, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá àti ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Kó tó gba òmìnira, ó gbọ́dọ̀ kan ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ yà ní àwòrán. Ẹni tó bá fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ sábà máa ń nílò ìwé ẹ̀rí ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n yọ iṣẹ́ ọwọ́ 53 kúrò lábẹ́ òfin yìí ní 2004, gbẹ́nàgbẹ́nà kò sí lára wọn.

Ìsopọ̀ tó ṣeé tú

Pákó tí wọ́n ń lò jù ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀ẹ́rún igi àti gúlù tẹ̀ pọ̀, MDF (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi wẹ́wẹ́ tẹ̀ pọ̀), àti plywood (pákó tí wọ́n fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ léra), tí wọ́n á fi fómíkà tàbí ọ̀dà bò lójú. Ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, ayùn olórí tábìlì tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀, irú èyí tí Wilhelm Altendorf ṣe ní 1906, ni wọ́n fi ń gé wọn. Ní ibi tó tóbi, ẹ̀rọ CNC, tí kọ̀ǹpútà ń darí, ló ń gé, òun náà ló ń lu ihò.

Ojú ìsopọ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà. Ìsopọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ eyín sí, tí wọ́n sì ń fi gúlù lẹ̀, lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé tú láìfọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1950, Hermann Steiner, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Switzerland, ṣe igi beech pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n ń ki bọ ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́. Omi inú gúlù á mú kó wú, á sì di pákó méjèèjì mú pinpin. Lamello, ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀, tún gbé irú mìíràn jáde lẹ́yìn náà tí kò nílò gúlù, Clamex. Abala rẹ̀ kan á wọ inú pákó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ti kọ́kọ́rọ́ kékeré gba ihò tó tó mílímítà 6, wọ́n á yí i, wọ́n á sì so. Bí wọ́n bá yí i padà, ó tú.

Nítorí náà, gbẹ́nàgbẹ́nà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gé pákó àkọ́kọ́ èyí tí yóò wà ní odidi títí, tí gúlù lè wọ̀, àti èyí tí yóò tú. Káńtà oní-mítà 6 tí wọ́n gé sí mẹ́ta ti ní ojú ìpàdé méjì. Wọ́n lè fi pákó òkè bò wọ́n, tàbí kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo mílímítà díẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè dà bí ìlà ọ̀ṣọ́. Ọ̀nà kejì yìí ló dára jù bí ilẹ̀ bá wọ́, nítorí àlàfo máa ń bo àṣìṣe kékeré mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn kì í sì í tẹ́jú bí ti ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ tó ṣeé yí sókè sódò mọ́ ìdí kọ́bọ́ọ̀dù.

Kí wọ́n tó di ẹrù, wọ́n sábà máa ń tò ó lẹ́ẹ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á kọ nọ́ńbà sẹ́yìn pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún tú u. Etí àti igun ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá nínú tírélà, nítorí náà oníṣẹ́ a máa mú ọ̀dà àti ìda tó bá àwọ̀ pákó mu dání.

Iná

DIN 4102, ìlànà Jámánì lórí bí ohun ìkọ́lé ṣe ń jó, pín ohun tó lè jó sí B1 (tó ṣòro láti gbiná), B2 (tó ń gbiná níwọ̀nba) àti B3. Èyí tó wà ní B3, tó ń tètè gbiná, kì í wọ gbọ̀ngàn. Ohun ọ̀ṣọ́ sábà gbọ́dọ̀ jẹ́ B1. Ìlànà gbọ̀ngàn kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Ipò iṣẹ́

Òfin ká wákàtí 8 sílẹ̀ fún iṣẹ́ òòjọ́, tó lè di 10 bí wọ́n bá dín in kù lọ́jọ́ mìíràn. Iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú jẹ́ èèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin yọ ìpàtẹ ọjà sílẹ̀. Eruku igi oak àti beech lè fa àrùn jẹjẹrẹ imú, Jámánì sì kà á mọ́ àrùn tí iṣẹ́ ń fà.

Ní 2020, àrùn kòrónà mú kí wọ́n fagi lé ìpàtẹ Hannover. Ìsọ̀ aluminium tí wọ́n ń yá lò ti gba apá kan iṣẹ́ ògiri lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ṣùgbọ́n káńtà àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún oníbàárà kan ṣoṣo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.