Abẹ kọ́ ló ń mú kókó tàn

"Alhaji, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kàn án o. Bí atẹ́gùn bá ti wọ inú ẹ̀, ó di kó tàn ká gbogbo ara." Láti Ọjà-Ọba n'Ílọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ẹni tí wọ́n bá sọ pé ó ní kókó nínú ara kì í pẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa èèyàn lára.

Ẹ wo kókó ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún ló sábà máa ń ní in. Ọ̀rá lásán ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ; abẹ kàn án, abẹ ò kàn án, kò ní ránṣẹ́ síbì kankan. Ibi tó ń hù sí ni wàhálà ẹ̀: inú ọ̀nà èémí, tó ń dí díẹ̀díẹ̀. Aláìsàn á máa wúkọ́, àyà rẹ̀ á máa dún bíi fèrè, wọ́n á ní asimá ni. Òtútù àyà á mú un, á lo oògùn, ara á yá, á tún padà sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Òtútù àyà tó bá ń padà sójú kan, ẹ má fojú kékeré wò ó, ẹ lọ ṣe CT scan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Ẹ̀rọ yẹn mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí ẹran: tó bá ka omi sí 0, ọ̀rá á wà ní nǹkan bíi 100 sísàlẹ̀ òdo.

Bí wọ́n bá tètè rí i, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò ní la àyà rárá. Dókítà á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà gba ẹnu wọlé. Á bá kókó náà níbẹ̀, tó ń dán, tó pupa rúsúrúsú bí ọ̀rá adìẹ. Á fi wáyà kọ́ ọ lọ́rùn, á fi iná mànàmáná gé e, á fà á jáde. Àmọ́ ẹni tó bá ń sá fún abẹ fún ọdún mélòó kan, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á há sẹ́yìn kókó, á di ọyún, ẹ̀dọ̀fóró ibẹ̀ á bàjẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á wá la àyà, tí wọ́n á gé odindi abala kan kúrò nínú mẹ́ta apá ọ̀tún tàbí méjì apá òsì.

Ti atẹ́gùn ńkọ́? Ẹ̀dọ̀fóró tí à ń wí yìí, atẹ́gùn ló kún inú ẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí wa! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wa kì í dé ọsibítù àfi ìgbà tí jẹjẹrẹ bá ti tàn tán. Wọ́n á là á, wọ́n á bá a níbi tó dé, aláìsàn á kú, ará ilé á ní abẹ ló pa á.

Jẹjẹrẹ ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀fóró náà wà lóòótọ́, ó tún ṣọ̀wọ́n ju kókó ọ̀rá yẹn lọ. Òun gan-an ló nílò abẹ jù, kí wọ́n gé e tán pátápátá, torí èyí tó bá ṣẹ́kù lè tún hù. Nítorí náà, kókó yòówù kí wọ́n yọ, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ yàrá àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ gba èsì rẹ̀ lórí ìwé, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé náà pamọ́.