Blockchain Kọ́ Ló Ń Pa Fáìlì Mọ́

Lóru ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná sọ nílé ẹ̀rọ OVHcloud, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì, ní Strasbourg, lórílẹ̀-èdè Faransé. Ilé alájà márùn-ún kan jóná. Àwọn oníbàárà kan tí wọn ò ní ẹ̀dà síbòmíràn jí láàárọ̀, wọ́n bá a pé ẹrù wọn, ìyẹn fáìlì wọn, ti di eérú. Ohun tí wọ́n ń pè ní cloud, ibi tí èèyàn ń kó fáìlì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí lójú ọ̀run. Ilé ni, ó ní òrùlé, ó ní wáyà iná, ó sì ní ẹni tó ni ín.

Ó ti pẹ́ ṣáájú iná yẹn táwọn kan ti ń wá bí ẹrù èèyàn kò ṣe ní máa wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Àwọn kan lára wọn ń lo blockchain, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé inú rẹ̀ gan-an ni fáìlì ń wà. Sia, ètò ìpamọ́ fáìlì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2015, wà lára wọn, òun la ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, torí pé àdéhùn rẹ̀ ṣeé fojú rí ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Sia kò ní ilé ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹni tí àyè bá ṣẹ́ kù sórí dísíìkì kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè fi àyè náà háyà: òun ni onílé, ẹni tó ní fáìlì ni ayálégbé. Onílé kan lè wà ní Jámánì, kí èkejì wà ní Kánádà. Wọn ò mọra, wọn ò sì mọ ayálégbé. Báwo lèèyàn ṣe máa gbé ẹrù fún ẹni tí kò mọ̀ rí, kó sì lọ sùn? Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí, ìbéèrè yẹn ló ń dáhùn.

Ká mú fídíò kan tí ìyá àgbà ti ń ki oríkì ìdílé, tó tó 40 MB. Sọ́fíwíà tó wà lórí kọ̀ǹpútà ayálégbé máa gé e sí ègé 10, 4 MB lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa fi ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Reed-Solomon sọ 10 yẹn di 30. Ogún tó lé síi kì í ṣe ẹ̀dà lásán. Ẹ wò ó báyìí: bí wọ́n bá kọ 3 sórí pépà kan, tí wọ́n kọ 5 sórí èkejì, tí wọ́n wá kọ àròpọ̀ wọn, 8, sórí ẹ̀kẹta, èyíkéyìí nínú pépà mẹ́ta náà lè sọnù. Ẹni tó bá ní 3 àti 8 lọ́wọ́ mọ̀ pé 5 ló sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni ègé 10 èyíkéyìí nínú 30 ṣe tó láti tún fídíò náà tò lódindi. Wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ ayálégbé, ìyẹn nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó ń sọ fáìlì di ohun tí ẹlòmíì ò lè kà, ti ègé kọ̀ọ̀kan pa kó tó kúrò nílé, wọ́n á wá pín in fún onílé 30 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí onílé tó lè gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú oríkì yẹn. Ogún nínú wọn lè jóná tàbí kí wọ́n kógbá sílé, fídíò ò ní bà jẹ́. Bí ìkọkànlélógún bá tẹ̀ lé wọn, ó tán. Owó rẹ̀ náà wà níbẹ̀: 40 MB ti di 120 MB, ayálégbé ló sì máa sanwó gbogbo rẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, fáìlì kò dé orí blockchain rárá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Ìwé àkọsílẹ̀ ni blockchain, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń kó fídíò sínú rẹ̀, olúkúlùkù wọn á máa ru fídíò gbogbo ayé. Alájọ a máa fàmì sí káàdì tó wà lọ́wọ́ oníbàárà, a tún fi sínú ìwé tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa yí i. Níbí, gbogbo ọjà ló ní káàdì náà lọ́wọ́. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni owó tí ayálégbé kó sílẹ̀, owó ìdógò tí onílé náà kó sílẹ̀, ọjọ́ tí àdéhùn parí, àti ìtẹ̀ka ẹrù.

Ìtẹ̀ka yìí ló yẹ ká dúró lé lórí. Ká sọ pé ègé kan ṣoṣo ló wà nínú àdéhùn. Wọ́n á rún 4 MB yẹn sí ìrúnrún 65,536, báìtì 64 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò kan á fún ìrúnrún kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n á so nọ́ńbà méjì méjì pọ̀, wọ́n á tún ṣírò wọn di ọ̀kan, títí di ìgbà kẹrìndínlógún, tó máa ku nọ́ńbà kan ṣoṣo. Èyí ni ìtẹ̀ka. Bí báìtì kan péré bá yí padà nísàlẹ̀, ìtẹ̀ka tòkè á yàtọ̀.

Nígbà tí àdéhùn bá parí, wọ́n á ṣẹ́ gègé. Láti inú ojú ewé tuntun tó bá wọ ìwé àkọsílẹ̀ lásìkò náà ni nọ́ńbà ti máa jáde, torí náà kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n ṣáájú. Onílé gbọ́dọ̀ mú ìrúnrún tí gègé mú wá, pẹ̀lú nọ́ńbà 16 tó máa gbé e dókè. Kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè ṣírò rẹ̀ wò. Bó bá bá ìtẹ̀ka mu, onílé gba owó rẹ̀ àti ìdógò rẹ̀. Bí onílé bá ti da ìdajì ẹrù nù kó lè tún àyè náà háyà fún ẹlòmíì, nínú ìgbà méjì, ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá rí ẹ̀rí mú wá, owó náà á lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè kó o. Wọn kì í gbé e fún ayálégbé, kí òun náà má bàa máa wá ìṣubú onílé. Ìrònú yẹn jinlẹ̀ gan-an.

Filecoin, ètò mìíràn bíi Sia, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, kì í dúró dìgbà tí àdéhùn bá parí: láàárín wákàtí 24 kọ̀ọ̀kan ni onílé gbọ́dọ̀ fẹ̀rí hàn pé ẹrù ṣì wà.

Ojúṣe ńlá wà lọ́rùn ayálégbé náà o. Kò sí ọ́fíìsì tó lè bá ẹni tó pàdánù kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe òmíràn, kò sì sí nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Àkọsílẹ̀ ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan wà pàápàá, ọwọ́ ayálégbé ló wà, ó yẹ kó ní ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Sọ́fíwíà rẹ̀ ló ń wò bóyá àwọn onílé ṣì wà nídìí iṣẹ́, tó ń ṣe ègé tuntun dípò èyí tó sọnù, tó sì ń tún àdéhùn ṣe kó tó parí. Bí ayálégbé bá wá lọ fún oṣù púpọ̀ láìtan kọ̀ǹpútà náà, tí ọjọ́ àdéhùn sì kọjá, onílé á mú ẹ̀rí rẹ̀ wá, á gbowó rẹ̀ pé, á sì pa ègé ọwọ́ rẹ̀ rẹ́ kó lè ráyè gba ẹrù ẹlòmíì.