Bí wọ́n ṣe ń kọ́ pílọ́ọ̀tì láti ka òjò lójú síkíríìnì

Tó bá di ọ̀rọ̀ òjò àti ìjì, oríṣi àwòrán méjì ló sábà máa ń wà níwájú pílọ́ọ̀tì, ibi tí ẹ̀kọ́ sì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí pé àwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé jáde, àwọ̀ ewé, yẹ́lò, pupa, àmọ́ ibi tí wọ́n ti wá ò jọra rárá.

Ọ̀kan ni rédà tó wà nímú bààlúù fúnra ẹ̀. Ó ń ta ìtànṣán síwájú, ìtànṣán yẹn á lọ ba ẹ̀kán òjò, á padà wá, bí èyí tó padà bá ṣe lágbára tó ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ àwọ̀ tó máa kùn. Omi ló ń rí o, kì í ṣe ìkùukùu. Yìnyín gbígbẹ ò fi bẹ́ẹ̀ dá ìtànṣán padà, torí náà orí ìjì tó ga fíofío, tó jẹ́ kìkì yìnyín, lè máà hàn rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé ibẹ̀ lè gbo bààlúù jìgìjìgì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pẹ́ gan-an lórí tilt, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń gbé ojú rédà sókè sódò. Ìṣirò kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí: dígírì 1 jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 fún nautical mile kọ̀ọ̀kan, ìyẹn máìlì tí wọ́n fi ń wọn ìrìn bààlúù àti ọkọ̀ ojú omi. Tí ìjì bá wà ní nautical mile 50 níwájú, téèyàn yí tilt ní dígírì 1 péré, ibi tí rédà ń wò ti fi ẹsẹ̀ bàtà 5,000 kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nínú simulator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bààlúù tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ lórí ilẹ̀, tíṣà á ní kó sọ tilt kalẹ̀ títí ilẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lápá òkè síkíríìnì, kó wá máa gbé e díẹ̀díẹ̀, kó sì máa wo bí ìjì kan náà ṣe ń pààrọ̀ àwọ̀.

Èyí tó léwu jù ni ká rí ibi tó dúdú lójú síkíríìnì ká rò pé ibẹ̀ mọ́. Tí òjò bá pọ̀ gan-an, á gbé agbára ìtànṣán mì, kò ní sí èyí tó máa dé ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀hún á wá ṣófo lójú síkíríìnì bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ní April 4, 1977, bààlúù Southern Airways 242 gbéra láti Huntsville lọ sí Atlanta, ó wọ inú ìjì ńlá, omi àti yìnyín pa ẹ́ńjìnì méjèèjì, ó já sójú títì ní New Hope ní Georgia, èèyàn 72 ló kú. Lára ohun tí àwọn tó ṣèwádìí kọ sílẹ̀ ni pé ọ̀gá pílọ́ọ̀tì gbára lé rédà inú ọkọ̀ láti fi gba àárín ìjì kọjá. Ọgbọ́n tí wọ́n ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n sọ tilt kalẹ̀, tí ilẹ̀ bá ń hàn lọ́tùn-ún lósì àmọ́ tí kò hàn lẹ́yìn ìjì, a jẹ́ pé rédà ò ríran débẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n má gba ibẹ̀.

Èkejì ni NEXRAD, àwòrán tí wọ́n ń pa pọ̀ láti ara àwọn rédà orí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ń wọlé sórí tablet tàbí síkíríìnì. Ó rẹwà, ó sì ń rí ọ̀nà jíjìn, àmọ́ ohun tó ti kọjá ló ń fi hàn. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ìgbà tí wọ́n pa àwòrán pọ̀ ló ń kà, kì í ṣe ìgbà tí rédà rí òjò náà. Ní 2012, NTSB, àjọ tó ń ṣèwádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé ó lè fi ìṣẹ́jú 15 sí 20 dàgbà ju ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ. Ìjì tó ń sá 30 knots, ìyẹn nautical mile 30 ní wákàtí kan, á ti rin nautical mile 10 láàárín 20 ìṣẹ́jú yẹn, ìyẹn ni pé àlàfo téèyàn ń wò lè ti dí pátápátá. Torí náà tíṣà tó dáa á dá àwòrán dúró, á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka tọ́ ibi tó rò pé ìjì ọ̀hún wà báyìí, kó tó jẹ́ kó yà síbì kankan.

Láti òkèèrè ni NEXRAD wúlò, téèyàn fẹ́ mọ̀ bóyá kóun gba ìlà oòrùn ni tàbí kóun kúkú balẹ̀ síbòmíì kóun dúró. FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n fi ó kéré tán máìlì 20 jìnnà sí ìjì tó bá le, torí náà tí ìjì líle bá wà lọ́tùn-ún lósì, àlàfo àárín wọn gbọ́dọ̀ tó máìlì 40 kí pílọ́ọ̀tì tó ronú kan ibẹ̀.