Ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ tí òjé bàjẹ́ ní Ìbàdàn

Ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ tí òjé bàjẹ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láti kó òjé kúrò nínú ilẹ̀, tàbí láti dè é mọ́lẹ̀ kó má baà ráyè dé ara èèyàn, níbi tí wọ́n ti da pàǹtí olóró sí tí wọ́n sì pa á tì. Ní Ìbàdàn, ibi tí a mọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ yìí ni ààtàn ìdàrọ́ bátìrì ọkọ̀ ní agbègbè Olódó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá. Ní 2008 àti 2009, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà láti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ilẹ̀ àti ewéko irú ààtàn àpatì bẹ́ẹ̀.

Ìdàrọ́ ni èérí tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ́ irin. Àwọn àgbẹ̀dẹ ló ni orúkọ náà kó tó kan bátìrì. Òjé pàápàá kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá, òun ni wọ́n fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn ọlọ́bàtálá. Ìwọ̀n ooru 327°C ló ń yọ́ ọ, iná èédú lásán sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní ìkòkò irin fi lè máa yọ́ òjé inú bátìrì tó ti kú lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ìdàrọ́ tó kù dúdú, ó wúwo, ó sì le. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè pè é ní òkúta, kó fi dí kòtò ẹnu ọ̀nà.

Ewé àti bébà ń jẹrà láàtàn. Òjé kì í jẹrà, iná kò sì lè jó o dànù. Nítorí náà, orúkọ náà “ìfọ̀mọ́” fẹ́ tanni jẹ díẹ̀: àfi ká gbé òjé lọ síbòmíràn tàbí ká dè é. Àwọn ọmọdé ló ń fara gbá a jù, torí wọ́n ń fi ọwọ́ eléruku sẹ́nu, òjé sì ń ba ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Wọn kì í déédéé gbé ṣọ́bìrì. Wọ́n á kọ́kọ́ pín ilẹ̀ sí ojú-ojú, wọ́n á bu erùpẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì yẹ omi kànga tó wà nítòsí wò. Ìlànà tí Nàìjíríà ṣe fún ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì, tí àwọn olùwádìí ń yá lò, fi mílígíráàmù 85 òjé nínú kílógíráàmù erùpẹ̀ kan ṣe ìwọ̀n àfojúsùn, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀ wà, 530 sì ni ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ mú kí wọ́n dá sí i. Amọ̀ pupa Ìbàdàn máa ń di òjé mú dáadáa, kì í jẹ́ kó tètè rìn jìnnà. Ásíìdì bátìrì ló ń tú u sílẹ̀, tó fi ń wọ kànga.

Ìgbà tí a ó wa ilẹ̀ náà tún jẹ́ wàhálà. Bó bá jẹ́ nígbà òjò, àgbàrá á gbé e lọ sódò. Bó bá jẹ́ nígbà ọyẹ́, eruku á gbé e wọlé. Ọ̀pọ̀ ń yan ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á máa wọ́n omi sílẹ̀, wọ́n á fi tapólì bo típà, lébìrà á sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ nílé. Inú kòtò tí wọ́n fi amọ̀ àti ọ̀rá tó nípọn tẹ́ ni erùpẹ̀ náà ń lọ. Ní Zamfara, níbi tí òjé inú òkúta wúrà ti pa ọmọ tó ju 400 lọ ní 2010, wọ́n wa ojú ilẹ̀ àwọn abúlé kúrò, wọ́n sì fi ilẹ̀ tó mọ́ rọ́pò rẹ̀.

Níbi tí owó kò bá tó, wọ́n lè po símẹ́ńtì mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n lo fọ́sífeètì, tó ń so mọ́ òjé títí á fi dà bí òkúta tí omi kò lè yọ́. Fọ́sífeètì wà nínú eegun lílọ̀, eegun màlúù kò sì wọ́n ní Ìbàdàn.

Ta ni yóò sanwó? Òfin Amẹ́ríkà ti 1980 jẹ́ kí ìjọba lè lépa ẹni tó da pàǹtí náà, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ní Nàìjíríà, pàǹtí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí ìlú Kókó ní 1988 ló bí òfin tó ka dída irú rẹ̀ sí ìwà ọ̀daràn. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí i pé wọ́n pa òfin àyíká mọ́, tẹ̀ lé e ní 2007. Ìbàdàn yìí náà ni ibùdó Àdéhùn Basel, àdéhùn àgbáyé lórí kíkó pàǹtí olóró láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, fún ilẹ̀ Áfíríkà wà.

Àwọn ewéko kan tún ń fa òjé láti inú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, ewéko náà á sì di pàǹtí olóró fúnra rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọgbà yí i ká, torí koríko tútù ni lójú ewúrẹ́.