Wáìfáì ilé iwájú ò dé BQ? Ẹ má tíì ra rìpítà

Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè mí sí jù n'Íbàdàn báyìí ni ti wáìfáì tó wà nílé ńlá tí ò dé BQ ẹ̀yìn, tàbí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ò dé ilé òdìkejì. Tí n bá sì débẹ̀, rìpítà ni mo máa kọ́kọ́ bá lára ògiri, èyí tí wọ́n ń fi sójú iná bíi ṣájà yẹn, kó lè gba wáìfáì kó sì tún un sọ síwájú. Mọ́mì kan ní Àpáta ti ra mẹ́ta kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n na fóònù sí mi, wọ́n ní "Ẹ̀ńjíníà, wò ó, ó kún fọ́fọ́, kí ló wá dé tí fídíò tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ ò ṣí?"

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Àmì wáìfáì tó kún lórí fóònù, ó ń sọ pé fóònù ń gbọ́ rìpítà dáadáa ni, kò sọ pé rìpítà ń gbọ́ rúta tó ń pín wáìfáì nílé ńlá o. Inú BQ níbi tí wáìfáì ti ń kú lọ ni wọ́n gbé e sí, ọ̀rọ̀ tí òun alára ò gbọ́ délẹ̀ ló wá ń sọ fún ẹlòmíì, bí ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀ èdè tí ò gbọ́. Àti pé èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, ẹnu kan náà ló fi ń gbọ́ tó fi ń sọ, kò lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, kódà tẹ́ ẹ bá gbé e síbi tó dáa, nǹkan bí ìdajì ìyára dátà yín ló máa gbé mì.

Àwọn míì á ní rúta ńlá làwọn fẹ́, elẹ́sẹ̀ mẹ́jọ bí aláǹtakùn. Kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wáìfáì, sísọ ni, gbígbọ́ ni. Rúta lè fi sípíkà mọ́ṣáláṣí pariwo kó dé BQ, fóònù tó máa dá a lóhùn ńkọ́? Ohùn tín-ín-rín ló ní.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí ò gba owó. Ẹ yọ rúta kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí ilé kejì. Tó bá ń gbé orúkọ méjì jáde, tí ọ̀kan ní 5G lẹ́yìn, kì í ṣe 5G tàwọn MTN o, 5GHz ló ń sọ, ẹ lo ìkejì tó jẹ́ 2.4GHz, torí òun ló ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá dáadáa jù. Páànù ní tiẹ̀, méjèèjì ò lè là á.

Tí ìyẹn ò bá ṣe é, wáyà lèmi fara mọ́ jù, kó ti ara rúta iwájú lọ bá rúta kejì ní BQ. Wáyà nẹ́tíwọọ̀kì lè lọ tó mítà 100, ọgbà ta ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Ti mọ́mì Àpáta ò tó 30. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ìta, torí oòrùn máa jẹ èèpo ti inú ilé títí á fi là. Kẹ́ ẹ sì fi réésà fá irin inú ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó: tó bá pupa délẹ̀, kọ́pà ni, tó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà pa lára ni, ẹ dá a padà fún wọn. Inú páìpù ni kẹ́ ẹ gbà rì í mọ́lẹ̀, kó má bá wáyà NEPA sùn pọ̀.

Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù nídìí ẹ̀: àrá. Èyí tó máa ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá yẹn, kò dìgbà tó bá sán lu ilé yín, tó bá sán nítòsí, iná lè gba ara kọ́pà gígùn, á sun rúta ìhín, á sun tọ̀hún. Tí ilé méjèèjì bá wá ní mítà NEPA ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ewu yẹn tún pọ̀ sí i. Ibi tí mo bá ti rí bẹ́ẹ̀, fáíbà ni mo máa ń fà, gíláàsì tín-ín-rín ni, iná ò lè gba inú ẹ̀ kọjá.

Tó bá jẹ́ títì ló wà láàárín, tí ò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gbẹ́ ẹ, ẹ̀rọ méjì tó ń kọjú síra wọn, tó ń fi nẹ́tíwọọ̀kì ránṣẹ́ síra wọn láìsí wáyà, ló kù, bíi CPE510 tàbí NanoStation, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí ara wọn ṣá. Ìlú olókè nìlú wa, ẹ lè dúró lókè Mápó kẹ́ ẹ rí Cocoa House kedere, kẹ́ ẹ má sì rí ilé tó wà nísàlẹ̀ yín níbẹ̀ torí òrùlé ẹlòmíì. Èmi náà ti ṣìṣe rí. Mo de ẹ̀rọ méjì nígbà ọyẹ́ ní Ọ̀jọ́ọ̀, igi tíìkì wà láàárín àmọ́ kò léwé kan lára, mo ń rí òdìkejì ketekete, mo gbowó mi, mo lọ. Oṣù karùn-ún wọ́n pè mí, ewé tíìkì ti yọ, ó fẹ̀ bí abọ́ ìjẹun, omi òjò tún wà lára ẹ̀, nẹ́tíwọọ̀kì ti kú pátápátá. Mo lọ gbé méjèèjì gorí òrùlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, rúta kejì tẹ́ ẹ máa gbé sí BQ, ojú ihò tí wọ́n kọ LAN sí lára ẹ̀ ni kí wáyà wọ̀, kẹ́ ẹ sì pa DHCP ẹ̀. DHCP ló ń pín nọ́ńbà tí fóònù fi ń wọ nẹ́tíwọọ̀kì, kì í ṣe nọ́ńbà ìpè o, tí rúta méjì bá ń pín in, bí ìyàwó ilé méjì tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ kan náà ni, fóònù á ní òun ti kónẹ́ẹ̀tì, nǹkan kan ò ní ṣí. Tí nọ́ńbà rúta àkọ́kọ́ fúnra ẹ̀ bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ fún rúta kejì ní 192.168.1.2. Orúkọ àti pásíwọọ̀dù lè jẹ́ ìkan náà, ṣánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ojú ọ̀nà tí wáìfáì ń gbà sọ̀rọ̀, ni kó yàtọ̀, 1, 6 tàbí 11 fún 2.4GHz.

Iná ló kù. Ilé iwájú á ní ínfátà, BQ ò ní, NEPA á mú iná lọ, wọ́n á pè mí pé wáìfáì ti bàjẹ́. Rúta kékeré kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì kékeré tí wọ́n ń pè ní mini UPS lè gbé e fún wákàtí mélòó kan, àmọ́ ẹ ka ìdí rúta kẹ́ ẹ tó lọ rà á, torí 12 volt lọ̀pọ̀ ń lò, àwọn kan sì wà tó jẹ́ 9.