Bí ìje ẹṣin ṣe pa àárín Èkó mọ́

Ẹni tó bá gba Oníkan kọjá yóò rí wọn lẹ́nu ọ̀nà Tafawa Balewa Square: ère ẹṣin funfun mẹ́rin àti idì pupa méje. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé abẹ́ àwọn ère yìí ni wọ́n ti ta àsíá Nàìjíríà lọ́dún 1960. Irọ́ ni. Kò sí ère ẹṣin kan níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà, kò sí idì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àwọn ìjókòó kọnkéré tó yí pápá náà ká báyìí. Ọdún 1972, nígbà ìjọba Gowon, ni wọ́n kọ́ gbogbo wọn. Orí koríko ni òmìnira ti bá wa, Race Course, ìyẹn pápá ìje ẹṣin, sì ni orúkọ ibẹ̀ nígbà náà. Àṣìṣe yìí ń bini nínú, torí ó fi iṣẹ́ ńlá tí koríko náà ṣe pamọ́.

Láyé Ọba Dòsùnmú ni ilẹ̀ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Òyìnbó. Erékùṣù ni Èkó, omi ló yí i ká, ilẹ̀ tó bá ṣófo níbẹ̀ kì í pẹ́ kún. Kí ló wá dé tí èyí kò fi kún? Ìje ẹṣin ni. Etí pápá ni ẹṣin ti ń sá yípo, wọn kò nílò àárín rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè kọ́lé síbẹ̀, torí ẹni tó jókòó ní ìhà kan gbọ́dọ̀ rí ẹṣin tó ń sá bọ̀ láti ìhà kejì. Eré ìdárayá lásán ló ṣe ohun tí òfin ilẹ̀ ìbá máa jà fún. Wọ́n ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ pẹ̀lú, pápá kíríkẹ́ẹ̀tì sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Gbàgede tó ṣófo láàárín ìlú tó há kì í pẹ́ fa aláṣẹ mọ́ra. Bí ojúde ọba ṣe rí náà nìyẹn. Ààfin kì í dá wà. Ojúde ló máa ń wà níwájú rẹ̀, ọjà ọba nítòsí, ilé àwọn ìjòyè yí i ká. Níbẹ̀ ni ìlú ti ń rí ọba, tí ọba náà ti ń rí ìlú. Ìgà Ìdúngánran, ààfin ọba Èkó, ní tirẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìjọba amúnisìn náà nílò ojúde, Race Course ló sì di tirẹ̀. King's College, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1909, wà lẹ́bàá rẹ̀ ní Catholic Mission Street. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dé, ilé gogoro Independence House yóò sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn òmìnira. Nígbà tí September 30, 1960 ń bọ̀, kò sẹ́ni tó ní láti máa wá ibi tí ìlú máa péjọ sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Òyìnbó kalẹ̀ lóru, níbẹ̀ náà ni Princess Alexandra ti fi ìwé àṣẹ òmìnira lé Tafawa Balewa lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì.

Iṣẹ́ 1972 ló ba nǹkan jẹ́. Lóòótọ́, wọ́n bọlá fún Balewa, àwọn èrò sì rí ìjókòó. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ odi yí ojúde ká, wọ́n fi ilẹ̀kùn sí i. Ojúde tó ní kọ́kọ́rọ́ ti di àgbàlá ẹni kan.

Ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá ní December 12, 1991. Àwọn ilé tó yí pápá ká pàdánù iṣẹ́ wọn. Iná tún jó Independence House lọ́dún 1993. Pápá kò pàdánù tirẹ̀, torí kò sí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n dá a fún. Àwọn olóṣèlú ń pe ìpàdé síbẹ̀, àwọn oníwàásù ń ṣe ìsọjí níbẹ̀, àwọn Ẹ̀yọ̀ ti jó níbẹ̀, ní January 15 ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń rántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú ní Remembrance Arcade. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sanwó. Ọ̀pọ̀ èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì BRT lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi náà lójoojúmọ́ ni kò ní ìdí kankan láti wọlé.